Ìjókòó Kẹ̀kẹ́ Tó Di Orí Màlúù: Bí Nǹkan Ilé Ṣe Ń Di Iṣẹ́ Ọnà

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ilé iṣẹ́ gbàǹjo tó ń jẹ́ Sotheby's gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ẹyọ kan kalẹ̀ ní New York. Téèpù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n rà á lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta èso lẹ́bàá títì, sẹ́ǹtì 35 péré. Kí ọjọ́ náà tó parí, owó rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 6 dọ́là. Ẹni tó rà á, Justin Sun tó ń ṣòwò kíríptò, pe àwọn oníròyìn jọ ní Hong Kong lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ lójú gbogbo wọn.

Ẹni tó bá gbọ́ irú ìròyìn yìí tí kò fọwọ́ lérán, onítọ̀hún ló yẹ ká yẹ̀ wò. Kí ló wà nínú nǹkan ilé lásán tí wọ́n fi ń pè é ní iṣẹ́ ọnà? Tí mo bá gbé ṣíbí lé orí ìwé funfun, tí mo sì ya fọ́tò rẹ̀, ṣé èmi náà ti di oníṣẹ́ ọnà nìyẹn? Ìdáhùn wà, kò tilẹ̀ le. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà díjú ni pé iṣẹ́ mẹ́ta tí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà ni àwọn èèyàn kó sínú àpò kan ṣoṣo, tí wọ́n wá ń fi ẹjọ́ ọ̀kan dá èkejì lẹ́bi.

Àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ ẹni tó gbé nǹkan tó ti wà tẹ́lẹ̀ wá, tó ní, "Iṣẹ́ ọnà nìyí." Marcel Duchamp, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló la ọ̀nà yìí. Lọ́dún 1917, ní New York kan náà, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà kan fẹ́ ṣe àfihàn ńlá. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá ti sanwó, àwọn á gbé iṣẹ́ rẹ̀ síta. Duchamp wá àwo ìtọ̀ ọkùnrin, irú èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri ilé ìtọ̀, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, ó kọ "R. Mutt" sí i lára, ó fi ránṣẹ́. Wọ́n gbàgbé àdéhùn wọn, wọ́n kọ̀ ọ́. Àwo náà gan-an ti sọnù. Àwọn tó wà ní mùsíọ́ọ̀mù lónìí, àwọn tí Duchamp fọwọ́ sí pé kí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ orí ògiri wá láti ìdílé àwo ìtọ̀ yìí. Maurizio Cattelan, ọmọ Ítálì, ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní Miami Beach lọ́dún 2019. Ohun tí ẹni tó rà á mú lọ sílé ni ìwé ẹ̀rí, pẹ̀lú ìlànà bí yóò ṣe máa lẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tuntun mọ́ ògiri nígbà tí ti àná bá ti jẹrà. Àwàdà ni, ìbéèrè náà sì ni: ta ló ń pinnu pé nǹkan níye lórí? Ọjà àti àṣẹ ni iṣẹ́ yẹn ń bá wí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ fúnra rẹ̀ kò di ohunkóhun mìíràn.

Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní minimalism, ìyẹn iṣẹ́ ọnà tí nǹkan inú rẹ̀ kì í pọ̀, tó gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1960 sí 1970. Carl Andre to bíríkì 120 sórí ilẹ̀, ìpele méjì, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọdún 1966 ni ó gbé e kalẹ̀, ilé àfihàn Tate ní London sì rà á lọ́dún 1972. Nígbà tí ó dé etí àwọn ìwé ìròyìn lọ́dún 1976, ariwo ta pé owó ìlú ni wọ́n kó lọ ra bíríkì. Ẹnì kan tilẹ̀ lọ da aró búlúù sí i lára. Ohun tí àwọn tó ń pariwo kò rò ni pé bíríkì yẹn kò fẹ́ jọ nǹkan kan rárá. Kò fẹ́ jọ ilé, kò fẹ́ jọ ibojì. Ó fẹ́ kí ẹ wo bíríkì bó ṣe jẹ́: bó ṣe wúwo tó, ibi tó gbà lórí ilẹ̀, bí ẹ ṣe ní láti yà fún un kí ẹ tó kọjá. Ní tèmi o, kò sí adùn kankan nínú rẹ̀ tó bá jẹ́ inú fọ́tò lèèyàn ti rí i.

Ìkẹta ni mo torí rẹ̀ jókòó kọ̀wé: iṣẹ́ eré, tí nǹkan ilé ẹyọ kan tàbí méjì ń di nǹkan mìíràn lójú wa láì fi ara rẹ̀ pamọ́. Eléyìí kò nílò ìwé ẹ̀rí, kò sì nílò ẹni tí yóò dúró tì yín máa ṣàlàyé. Ọmọ ọdún márùn-ún rí i, ó bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ àgbà wọ awò ojú, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Nítorí pé nǹkan ilé ló ń lò, wọ́n ń kà á mọ́ ti Duchamp. Nítorí pé nǹkan inú rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n ń kà á mọ́ ti Andre. Ó yà sọ́tọ̀ sí méjèèjì.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ tó dáa jù tí mo mọ̀ ni èyí tí Pablo Picasso, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà ọmọ Spain, ṣe ní Paris lọ́dún 1942, nígbà tí ìlú náà wà lábẹ́ àwọn ọmọ ogun Jámánì. Ìjókòó kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó ti dípẹtà ni gbogbo ohun tó lò. Ó gbé ìjókòó náà dúró, ó dojú ibi tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ lára rẹ̀ kọ ilẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lé ibi tó fẹ̀ lókè. Ó tán. Awọ ìjókòó di ojú gígùn akọ màlúù, ibi tẹ́ẹ́rẹ́ di imú; ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, ó di ìwo. Picasso sọ fún Brassaï, ayafọ́tò tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, pé inú òkìtì àlòkù ni òun ti rí méjèèjì nítòsí ara wọn, pé wọ́n sì ti so pọ̀ lórí òun kí òun tó rò ó rárá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìdẹ rọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀, torí ibí ni gbogbo àṣírí wà. Picasso kò fẹ́ kí ẹni tó ń wo iṣẹ́ yìí gbàgbé kẹ̀kẹ́. Tó bá jẹ́ orí màlúù nìkan lẹ rí, adùn rẹ̀ ti dín kù. Tó bá sì jẹ́ kẹ̀kẹ́ nìkan lẹ rí, iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Àárín méjèèjì ni ó ń gbé. Ojú á lọ sí màlúù, á padà sí kẹ̀kẹ́, á tún lọ, ìrìn-àjò kékeré yẹn ló ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ẹ wá wò ó ná: ká ní Picasso kun ìjókòó náà ní ọ̀dà dúdú, kó ya ojú méjì sí i, kó lẹ irun mọ́ ọn níwájú orí, kó fi etí méjì kún un. Orí màlúù tó pé pérépéré nìyẹn o. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ti kú sábẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ náà sì ti bá a lọ. Gbogbo ohun tí ẹ bá fi kún un, nǹkan àkọ́kọ́ ni ẹ ń fi bò mọ́lẹ̀. Ìdí tí iṣẹ́ yìí fi gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí àwọn tó fẹ́ràn ilé funfun tí kò ní àga.

Ọpọlọ wa náà lọ́wọ́ sí i. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa ni ọpọlọ ti ń wá ojú kiri: ihò méjì lókè, ihò kan nísàlẹ̀, ó ti tó, ó ti rí èèyàn. Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní gáréèjì èyíkéyìí. Ẹ dúró síwájú dáńfó kan kí ẹ wò ó bóyá kò ní máa wò yín padà. Lọ́dún 1976, ọkọ̀ òfuurufú Viking 1 tí Amẹ́ríkà rán lọ sí Mars ya fọ́tò òkè kan tí òjìji bọ̀ lápá kan. Ó jọ ojú èèyàn débi pé àwọn kan gbà pé ẹ̀dá kan ló gbẹ́ ẹ síbẹ̀. Kámẹ́rà tó ríran ju ti àkọ́kọ́ padà lọ síbẹ̀ lọ́dún 1998 àti 2001, òkè lásán ló bá. Àìsàn kọ́ ni ohun tó ń ṣe ojú wa yìí, ohun èlò ni fún ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Lọ́dún 1951, Picasso kó mọ́tò ìṣeré méjì tó jẹ́ ti Claude ọmọ rẹ̀, ó da ọ̀kan dé, ó gbé èkejì lé e kí abẹ́ kan abẹ́, ó fi méjèèjì ṣe orí ìyá ọ̀bọ tó gbé ọmọ dání. Gíláàsì iwájú mọ́tò òkè di ojú, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ di imú gbọọrọ, àlàfo tó wà láàárín mọ́tò méjèèjì di ẹnu. Ohun tí Claude sọ nígbà tó wá mọ́tò rẹ̀ tì, èmi náà ì bá fẹ́ gbọ́.

Gbogbo èyí tí mo ti sọ, ìrísí ni: nǹkan kan jọ nǹkan mìíràn. Ọ̀nà kejì wà tí àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ kì í sábà rí, òun ni pé kí ẹ fọwọ́ kan iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe. Man Ray, ọmọ Amẹ́ríkà tó lọ gbé Paris, mú áyọ́ọ̀nù kan lọ́dún 1921, irú ti àtijọ́ tí wọ́n ń gbé ka iná. Ó lẹ ìṣó kéékèèké 14 mọ́ abẹ́ rẹ̀, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, orí wọn tó mú kọ síta. Ó pè é ní Ẹ̀bùn. Áyọ́ọ̀nù yẹn kò jọ nǹkan mìíràn, áyọ́ọ̀nù ni. Àmọ́ ta ló jẹ́ gbé e lé aṣọ lẹ́ẹ̀sì? Ohun tó yẹ kó na aṣọ ti di ohun tí yóò fà á ya, ìṣó mẹ́rìnlá péré ló sì ná a. Meret Oppenheim, obìnrin ọmọ Switzerland, ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 1936: ó fi awọ onírun bo ife tíì, àwo rẹ̀ àti ṣíbí rẹ̀. Ó wà ní Museum of Modern Art ní New York. Ẹ rò ó lásán pé ẹ gbé ife yẹn sẹ́nu, kí tíì inú rẹ̀ sì gbóná, ètè yín á sún kì.

Ọ̀nà kejì yìí bá ọ̀rọ̀ ìlú mu ju àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí ẹyin gbówó lórí ní Nàìjíríà, ẹni tó bá gbé ẹyin tútù kan sórí ìwé funfun, tó wá fi àgádágodo kékeré kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kọ́kọ́rọ́ kò sí níbẹ̀, ti sọ gbogbo ohun tí ìwé ìròyìn fi ojú ewé méjì sọ. Kò sí ẹni tí yóò bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ gbìyànjú láti fi kọ́kọ́rọ́ náà kún un, ẹ ó rí i pé agbára rẹ̀ lọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lè ṣí i, kí wá ni ẹjọ́?

Nítòsí wa níbí, ọkùnrin kan wà tó ti pẹ́ tó ti ń fi irú ojú yìí wo kẹ́ẹ̀gì. Romuald Hazoumè ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìran Yorùbá tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, lọ́dún 1962. Kẹ́ẹ̀gì tí àwọn onífàyàwọ́ fi ń kó epo bẹntiróòlù láti Nàìjíríà wọ Benin ni ó ń lò. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì kan síwájú yín kí ẹ lè bá mi rìn. Ẹ fojú inú gé e, kí apá tó ní ọwọ́ àti ẹnu kù sí yín lọ́wọ́, kí ẹ wá gbé e dúró kí ibi tí epo ń gbà jáde dojú kọ yín. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé e ti di imú, ó gùn, ó yọ síta. Ẹnu rẹ̀ yípo, ó là sílẹ̀. Ẹnì kan ń kígbe tàbí ó ń kọrin, ẹ kò lè sọ èwo ni. Hazoumè lè fi wáyà tàbí búrọ́ọ̀ṣì kan ṣe irun, ó sì lè má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbòjú ti jáde, kẹ́ẹ̀gì kò sì lọ sí ibì kankan. Ẹni tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu rí mọ̀ pé ìbòjú lè máa pa èèyàn lẹ́rìn-ín kó sì máa na èèyàn lẹ́gba ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ náà ni Hazoumè ń lọ.

Ẹ gbọ́ ibi tó gbé e dé. Ó kó irú ìbòjú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ 304 jọ sínú iṣẹ́ kan tó pè ní La Bouche du Roi, ó sì tò wọ́n bí wọ́n ṣe to ẹrú nínú àwòrán ọkọ̀ ojú omi Brookes tí àwọn tó ń jà kí òwò ẹrú dópin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ káàkiri láyé ọjọ́un. British Museum rà á, wọ́n sì gbé e síta ní London lọ́dún 2007, nígbà tó pé 200 ọdún tí òfin Gẹ̀ẹ́sì fi òpin sí òwò ẹrú. Ìdí tó fi jẹ́ kẹ́ẹ̀gì ló bá a mu wà nínú bí wọ́n ṣe ń lò ó: àwọn onífàyàwọ́ máa ń fi iná yọ́ kẹ́ẹ̀gì kí ikùn rẹ̀ lè fẹ̀ gba epo sí i, ara rẹ̀ á wá tín-ínrín, ó sì lè gbiná lójú ọ̀nà lórí alùpùpù tó gbé e. Wọ́n lò ó kọjá agbára rẹ̀, nígbà tó bẹ́, wọ́n jù ú nù. Ìbòjú ẹyọ kan lára wọn, ẹ̀rín ló ń pani. Tí wọ́n bá lé ní ọ̀ọ́dúnrún nílẹ̀, ẹ̀rín á dákẹ́. Èmi fi èyí dá àwọn tó ń sọ pé iṣẹ́ eré kò lè gbé ọ̀rọ̀ tó wúwo lóhùn.

Lórí fóònù wa lónìí, orúkọ méjì ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wá. Tatsuya Tanaka, ọmọ Japan, ti ń gbé fọ́tò kan síta lójoojúmọ́ láti oṣù kẹrin ọdún 2011. Ó ń lo àwọn èèyàn kéékèèké tí kò ju ìka lọ, ó sì ń fi wọ́n sáàárín nǹkan ilé: ewébẹ̀ bùrókólì di igi ńlá, àwọn èèyàn sì ń gba afẹ́fẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ọgbọ́n tirẹ̀ ni ìwọ̀n. Kò fọwọ́ kan bùrókólì náà. Ẹni kékeré tó dúró tì í ló sọ ọ́ di igi. Christoph Niemann ní tirẹ̀, ọmọ Jámánì tó ń yàwòrán fún àwọn ìwé ìròyìn ńláńlá, máa ń gbé nǹkan kan lé orí ìwé, á tẹjú mọ́ ọn títí nǹkan náà yóò fi sọ ohun tó fẹ́ dà, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi yíńkì ya ìyókù yí i ká. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ di itan àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹṣin. Búrẹ́dì tí wọ́n wọ́n hóró wẹ́wẹ́ lé di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin tí kò tíì fárùngbọ̀n.

Ó yá, ẹ mú òòyà kan.

Ẹ tẹ́ ìwé funfun sílẹ̀, ẹ gbé òòyà lé e. Ẹ má tíì ronú ohun tí yóò jọ, ẹ ṣáà máa yí i. Eyín sókè: ọgbà tó yí ilé ká, tàbí koríko, tàbí èrò tó tò síwájú báǹkì. Eyín sílẹ̀: irùngbọ̀n, gbòǹgbò igi, òjò. Ẹ jẹ́ ká mú òjò. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn yóò kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á ya ìkúukùu sókè òòyà, wọ́n á ya mànàmáná, wọ́n á ya ilé àti adágún omi, wọ́n á ya ọkùnrin kan tó gbé báàgì lé orí tó ń sáré. Ó ti pọ̀ jù. Ẹ máa yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa bi ara yín bóyá òjò ṣì ń rọ̀. Ẹ yọ ilé: ó ń rọ̀. Ẹ yọ mànàmáná àti adágún: ó ń rọ̀. Ẹ yọ ìkúukùu: ó ṣì ń rọ̀, ó tilẹ̀ dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹ̀yìn òòyà ti di ìkúukùu fúnra rẹ̀. Ẹ wá yọ ọkùnrin tó gbé báàgì lé orí. Òjò dá. Òòyà lásán ló kù lórí ìwé. Ọkùnrin yẹn, tí kò ju ìlà bírò mẹ́fà tàbí méje lọ, òun nìkan ṣoṣo ni iṣẹ́ náà ń fẹ́.

Ẹni tí kò mọ àwòrán yà rárá lè gba ọ̀nà òjìji. Ẹ gbé òòyà dúró lórí eyín rẹ̀, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù kejì tàn án láti ẹ̀yìn, kí iná náà wà nísàlẹ̀ díẹ̀. Òjìji eyín kọ̀ọ̀kan á nà wá sọ́dọ̀ yín lórí ìwé, gbọọrọ gbọọrọ. Bí ẹ bá sún iná sápá kan, òjò náà á fì bí ìgbà tí ìjì ń gbé e. Òkè jẹ́ òòyà, isàlẹ̀ jẹ́ òjò, kò sì sí yíńkì kankan níbẹ̀.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló dáa jù, láàárọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ọ̀sán gangan máa ń mú òjìji sá wọ abẹ́ nǹkan. Gílóòbù àárín ilé pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé á fún yín ní òjìji méjì fún nǹkan kan, ojú kò sì ní mọ èyí tó yẹ kó wò, nítorí náà ẹ pa iná. Tí apá kan bá ṣókùnkùn jù, ẹ fi káàdíbọ́ọ̀dù funfun dúró sí ìdojúkọ fèrèsé, yóò dá ìmọ́lẹ̀ padà. Fóònù máa ń sọ ìwé funfun di eérú nínú fọ́tò. Ẹ tẹ ojú fóònù níbi tí nǹkan náà wà, kí ẹ sì fi ìka fa ìmọ́lẹ̀ sókè díẹ̀. Ẹ má sì gbé fóònù sún mọ́ ọn jù, ó máa ń mú kí iwájú nǹkan wú. Ẹ dúró lókèèrè díẹ̀, kí ẹ fi zoom fà á.

Àwọn nǹkan kan wà tí mo máa ń sá fún. Ojú pílásítíìkì tó ń mì, èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ ilé ìwé, máa ń yá èèyàn lára láti lẹ̀ mọ́ ohun gbogbo. Ohun gbogbo tó bá sì ti ní ojú ti di ọmọláńgidi, kò sí ìrìn-àjò kankan mọ́ fún ojú ẹni tó ń wò ó. Nǹkan tí kò ní ìrísí tirẹ̀, bíi láílọ́ọ̀nù tó ká jọ, kì í dáa láti fi bẹ̀rẹ̀, torí pé ó lè jọ ohunkóhun, ìyẹn sì ni pé kò jọ nǹkan kan. Ohun tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ ló dáa jù: ṣíbí, ìjábẹ̀, ata rodo, igi ìṣáná, kọ́kọ́rọ́, ìgbálẹ̀. Ẹ yọ orúkọ ilé iṣẹ́ kúrò lára wọn tàbí kí ẹ yí i sẹ́yìn. Ojú máa ń kàwé kó tó wo nǹkan mìíràn. Ohun tí ẹlòmíràn fi ń sìn, ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni o, tẹ̀sùbáà ni o, ẹ fi sílẹ̀ níbi tó wà. Ní ti oúnjẹ, mo mọ̀ pé àwọn àgbà kò fẹ́ ká fi ṣeré, wọ́n sì rí ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ ya fọ́tò kíá, kí ata náà padà sínú ọbẹ̀. Igi tó wà lórí ata rodo kì í pẹ́ rọ lọ́nàkọnà, tó bá sì ti rọ, kò dáa fún fọ́tò mọ́.

Ìbéèrè kan ṣẹ́kù tí mi ò fẹ́ fò: "Ọmọ mi ọdún mẹ́jọ náà lè ṣe èyí." Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ tó fi agolo sàdíìnì àti ìdérí ìgò ṣe mọ́tò, tó fi okùn fà á yí àdúgbò ká, ojú tí Picasso fi rí màlúù ló ní. Ohun tó sábà máa ń yàtọ̀ ni pé ọmọ kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, yóò ya ìkúukùu, yóò ya mànàmáná, yóò ya adágún. Àgbà ní tirẹ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, àmọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ rárá, ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jọ ṣe é ni ìmọ̀ràn tèmi, kí ọmọ máa fi kún un, kí ẹ̀yin máa yọ. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti yọrí, ẹ fi fọ́tò náà han ẹnì kan láì sọ nǹkan kan fún un. Tó bá bi yín pé "Kí lèyí?", ẹ má ṣàlàyé, ẹ padà lọ tún un ṣe.

Ẹ lè gba ọgbọ́n lọ́wọ́ àwọn tí mo dárúkọ, torí òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ kì í dáàbò bo èrò, bí wọ́n ṣe gbé èrò náà jáde ni ó ń dáàbò bò. Ẹnikẹ́ni ló lè sọ ewébẹ̀ di igi. Fọ́tò tí Tanaka yà, ti Tanaka ni, ẹ má lọ gbé e síta bíi tiyín.

Ṣé kí ẹ lẹ iṣẹ́ yín pọ̀ kó lè pẹ́? Tanaka kì í ṣe bẹ́ẹ̀, fọ́tò ni iṣẹ́ rẹ̀, tó bá ti yà á tán ó tú nǹkan ká. Picasso náà sọ ọ́ rí pé tí wọ́n bá ju orí màlúù òun sórí ààtàn, ẹnì kan lè kọjá, kó rí i pé òun nílò ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kó sì mú un lọ. Ó ní ìyẹn náà dùn mọ́ òun. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gbé tiyín kọ́ ògiri, ẹ mọ̀ pé gọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n fi ń lẹ̀wé kì í di irin tàbí pílásítíìkì mú. Araldite, gọ́ọ̀mù alápá méjì tí wọ́n ń pò pọ̀, ló ń di irin àti igi mú pọ̀. Ẹ fi ìwé oníyanrìn (sandpaper) ha ojú ibi tí wọ́n ti máa kanra, ẹ nu eruku rẹ̀, ẹ po gọ́ọ̀mù méjèèjì dọ́gba, ẹ fi okùn dì wọ́n, ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kí ẹ tó tú u.